Ọjọ́ Wo Lo Wọ Ẹgbẹ́? Ọ̀rọ̀ Lórí Ìtàn Ọmọ Ẹgbẹ́ Kọ̀ọ̀kan

Ọ̀rọ̀ àsọyé níwájú àwọn akọ̀wé, akọ̀wé owó àti akápò ẹgbẹ́ Yorùbá, ní Garki, Àbújá

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin alága, ẹ̀yin akọ̀wé, ẹ̀yin akápò, àti ẹ̀yin tí wọ́n kàn ní kí ẹ wá ṣojú ẹgbẹ́ tí ẹ kò tilẹ̀ mọ ohun tí a fẹ́ sọ, mo kí gbogbo yín. Ẹ kú ìrìn. Ẹ̀yin tí ẹ ti Mararaba àti Nyanya bọ̀, ẹ kú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹ̀yin ará Suleja, ẹ kú ọ̀nà jíjìn. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà tó wà níjòókòó kí n tó la ẹnu. Ẹ yọ̀ǹda fún mi.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí ẹgbẹ́ ṣe ń tọ́jú orúkọ àwọn tó ń dáwó fún un nínú kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ náà fẹ̀, ilẹ̀ á sì ṣú bá wa bí a bá ní ká sọ ọ́ tán. Ìbéèrè kan ni n óò fi wọlé.

Bí mo bá ní kí akọ̀wé kan dìde báyìí kó sọ iye ọmọ ẹgbẹ́ tó ti sanwó lọ́dún yìí, yóò sọ ọ́. Bí mo bá ní kó dárúkọ àwọn tó jẹ gbèsè, á sọ ọ́ kíákíá, àgàgà bí onígbèsè bá wà nínú gbọ̀ngàn yìí. (Ẹ̀rín.) Ṣùgbọ́n bí mo bá bi í pé: Màmá tó jókòó síwájú yìí, ọdún wo ni wọ́n wọ ẹgbẹ́? Ìgbà wo ni wọ́n dúró díẹ̀? Ìgbà wo ni wọ́n padà? Lọ́dún tí wọ́n padà yẹn, gbèsè ni wọ́n san ni, àbí ẹgbẹ́ ló dárí rẹ̀ jì wọ́n? Ta ló lè dáhùn láìpe ẹnikẹ́ni lórí fóònù?

Ẹ wò ó, gbogbo wa dákẹ́. Ohun tí mo wá sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ má pa ti àná rẹ́ nítorí pé ẹ fẹ́ kọ tòní. Gbogbo ohun yòókù tí ẹ óò gbọ́ lẹ́nu mi, abẹ́ ìyẹn ló wà.

Ìlú tí a ń dé, ìlú tí a ń fi sílẹ̀

Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Bó bá wá jẹ́ Àbújá ńkọ́? Láti ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991 tí ìjọba àpapọ̀ ti kó kúrò ní Èkó wá síbí, ọdún wo la rí tí èèyàn ò dé, tí èèyàn ò lọ? Òṣìṣẹ́ ìjọba á dé, wọ́n á gbé e lọ sí Sókótó, á padà, á fẹ̀yìntì, á gba Ìlọrin lọ. Àwọn tí rògbòdìyàn Kàdúná ọdún 2000 lé, ọ̀pọ̀ wọn wá síbí. Àwọn tó sá kúrò ní Jos lẹ́yìn wàhálà oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, àwọn náà wá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ níbi tí wọ́n ti ń bọ̀, pẹ̀lú káàdì, pẹ̀lú rìsíìtì, pẹ̀lú ipò. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa, kí la kọ sí iwájú orúkọ wọn? Ọjọ́ tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa.

Alhaji kan wà, kí Ọlọ́run forí jìn wọ́n, ọmọ Ọ̀ffà ni wọ́n. Kàdúná ni wọ́n ti wọ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wọn, nígbà tí rélùwéè ṣì ní iyì. Nígbà tí Kàdúná gbóná, wọ́n kó ìyàwó àti ọmọ wá sí Suleja, wọ́n sì forúkọ sílẹ̀ ní ẹ̀ka ti Àbújá. Nígbà tó yá, wọ́n lọ sílé lọ tọ́jú ìyá wọn, wọn ò sì sanwó fún bí ọdún mẹ́ta, mẹ́rin. Wọ́n padà dé, wọ́n san gbèsè wọn láìku kọ́bọ̀, wọ́n ń wá sípàdé títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Àwọn ọmọ wá bá ẹgbẹ́ pé kí wọ́n ṣe ẹ̀tọ́ bàbá àwọn. Òfin ẹgbẹ́ náà sọ pé ẹni tó bá ti lo ogún ọdún ni ẹ̀tọ́ ìsìnkú rẹ̀ máa ń pé. Akọ̀wé ṣí kọ̀ǹpútà. Kí ló bá níbẹ̀? "Ó wọ ẹgbẹ́: 2015." Kò sí ohun mìíràn. Akọ̀wé àná ló pa ọdún tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ rẹ́ nígbà tí Alhaji padà dé. Kò fi ìkà ṣe é o. Àyè kan ṣoṣo ló wà fún ọjọ́ nínú Excel tó ń lò, Alhaji sì ti ní ọjọ́ mẹ́ta.

Ìpàdé náà gbóná! Àwọn kan ní ohun tó wà nínú ìwé ni àwọn mọ̀. Àwọn kan ń búra pé àwọn bá Alhaji jó níbi ìdúpẹ́ ẹgbẹ́ ní 2006. Agolo Bournvita kan tí àwọn ọmọ rí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló parí ìjà: káàdì Kàdúná wà nínú rẹ̀, rìsíìtì Àbújá wà nínú rẹ̀, yíńkì àwọn mìíràn ti fẹ́ẹ̀ parẹ́. Òkú ló jẹ́rìí fún ara rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ti ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ láti ayébáyé kò ní nǹkan kan tó lè fi hàn.

Bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Ẹ̀yin akọ̀wé, ọwọ́ yín làwọn igbá náà wà.

Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ka ọjọ́

Àwọn ọ̀dọ́ inú wa á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn ti Excel. Ẹ jẹ́ ká gbé ètò kọ̀ǹpútà gidi wọlé, gbogbo rẹ̀ á yanjú." Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò.

Ètò kan wà tó ń jẹ́ CiviCRM. Ọ̀fẹ́ ni, àwọn àjọ aláàánú àti ẹgbẹ́ lóríṣiríṣi ni wọ́n ṣe é fún, ọdún 2005 ló sì bẹ̀rẹ̀. Lórí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ mẹ́ta ló ń tọ́jú: ọjọ́ tí onítọ̀hún kọ́kọ́ wọlé, ọjọ́ tí sáà tó wà nínú rẹ̀ yìí (ìyẹn àkókò tí owó tó san gbé) bẹ̀rẹ̀, àti ọjọ́ tí sáà náà máa parí. Òun fúnra rẹ̀ ló ń yí ipò èèyàn padà bí ọjọ́ ti ń lọ. Bí wọ́n ṣe gbé e wá láti ilé, ẹni tuntun lèèyàn fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà á di ọmọ ẹgbẹ́ tó dúró ṣánṣán. Bí sáà rẹ̀ bá parí, ó ní oṣù kan àforíjì. Bí oṣù yẹn náà bá lọ láìsanwó, ó ti bọ́ sílẹ̀. Ẹni tó kọ̀wé kúrò ní ipò tirẹ̀, olóògbé ní ipò tirẹ̀. Ẹgbẹ́ lè yí àwọn oṣù wọ̀nyí sí bí òfin rẹ̀ ṣe wí.

Ó dùn ún gbọ́, àbí? Wàhálà ibẹ̀ rèé. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá sanwó kí sáà tó parí, tàbí nínú oṣù àforíjì, ètò náà á kàn sún ọjọ́ ìparí síwájú ni. Bó bá ti bọ́ sílẹ̀ kó tó padà wá, ètò náà á fi ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tuntun rọ́pò ti àtijọ́. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọlé á wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Nítorí náà, ojú ìwé á sọ fún yín pé: ó wọ ẹgbẹ́ ní 2009, sáà yìí bẹ̀rẹ̀ ní 2020. Àárín 2009 sí 2020 ńkọ́? Ó lè jẹ́ oṣù méjì péré ni kò fi sí nílé. Ó lè jẹ́ ọdún mẹ́wàá. Ojú ìwé ò sọ. Ètò náà ń kọ àwọn àyípadà wọ̀nyẹn pamọ́ sábẹ́lẹ̀ lóòótọ́, ẹni tó mọ̀ ọ́n wá á rí i. Ṣùgbọ́n akọ̀wé wo ni yóò máa wá nǹkan lábẹ́lẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ olóògbé ti jókòó sí pálọ̀?

Nítorí náà, ì báà jẹ́ ètò olówó ńlá, ì báà jẹ́ Excel, ẹ bi ẹni tó fẹ́ tà á fún yín léèrè pé: bí ọmọ ẹgbẹ́ mi bá lọ lẹ́ẹ̀mejì tó sì padà lẹ́ẹ̀mejì, ṣé sáà mẹ́ta ni mo máa rí lójú ìwé kan, tàbí ẹyọ kan? Bó bá ní ẹyọ kan, kó fi bí àwọn yòókù ṣe máa hàn hàn yín kí ẹ tó yọ owó.

Ẹ̀yin tí Excel yín ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ kò tíì jìnnà sí òótọ́. Ẹ pín in sí ojú ewé mẹ́ta. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ti èèyàn: ẹnì kan, ìlà kan, títí ayé. Ìkejì jẹ́ ti sáà: ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó parí, ẹ̀ka tó wà, irú ọmọ ẹgbẹ́ tó jẹ́, ìdí tí sáà náà fi parí. Ìkẹta jẹ́ ti owó. Nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ ni yóò so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Gbogbo wa la mọ bí onílé Àbújá ṣe ń ṣe: bí ayálégbé bá sanwó ọdún méjì mìíràn, ìwé àdéhùn tuntun ló máa bu ọwọ́ lù. Kì í mú bírò pa ọjọ́ tó wà lórí ti àtijọ́ rẹ́. Ti àtijọ́ á wà nínú fáìlì, torí ọjọ́ kóòtù. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí sáà kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀.

Ìdí tí sáà fi parí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fò ó. Ẹni tí wọ́n gbé níṣẹ́ lọ sí Kánò, ẹni tó bá alága jà, ẹni tí àìsàn dá dúró: àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò sanwó. Ṣé irú lẹ́tà kan náà lẹ máa kọ sí wọn?

Ẹnì kan, orúkọ mẹ́fà

Ẹ gbọ́ tiwa nílẹ̀ yìí. Wọ́n kọ Ṣọlá sílẹ̀ ní 2008, pẹ̀lú àmì. Akọ̀wé tó tẹ̀ lé e kọ Sola. Ẹni tó tún tẹ̀ lé e kọ Shola. Kọ̀ǹpútà ò gbọ́ Yorùbá. Èèyàn mẹ́ta ló kà. Abdulraheem ti Ìlọrin, Abdul-Raheem, Abdulrahim, èèyàn mẹ́ta. Arábìnrin tó wọlé pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀, tó wá lọ́kọ, èèyàn méjì. Ọ̀gbẹ́ni tó lọ Mẹ́kà tó di Alhaji, tí wọ́n tún fi joyè tó di Olóyè, bí akọ̀wé bá ń kọ oyè mọ́ orúkọ, ó ti di ìdílé odindi!

Bí ìtàn ẹnì kan ṣe ń já sí wẹ́wẹ́ nìyẹn. Ọdún márùn-ún wà lábẹ́ Sola, mẹ́rin wà lábẹ́ Shola, kò sì sí èyí tó pé iye tí òfin ń wá.

Nọ́ńbà ni oògùn rẹ̀. Nọ́ńbà tí ẹ kò ní fún ẹlòmíràn láé, kódà bí onítọ̀hún bá kú. Mo ti rí ẹgbẹ́ tó gbé nọ́ńbà olóògbé fún ọmọ tuntun nítorí pé wọn ò fẹ́ kí àlàfo wà. Kí làlàfo ń gbà lọ́wọ́ yín? Ẹ má fi nọ́ńbà fóònù ṣe é o. Ẹ mọ̀ pé nọ́ńbà fóònù tí a ò bá lò mọ́, ilé iṣẹ́ fóònù lè tún un tà fún ẹlòmíràn. Àwọn orúkọ àtijọ́ náà, ẹ fún wọn láyè tiwọn lórí ìlà èèyàn yẹn, kí ẹni tó bá wá Shola lè bá Ṣọlá pàdé.

Ìyàwó tí kò ní ìtàn

Ẹ̀yin ìyá wa, ọ̀rọ̀ yín ló kàn yìí. Ibí yìí ni inú ti máa ń bí mi jù.

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wa ló ní owó ìdílé. Bàbá á sanwó ẹ̀ẹ̀kan, ọkọ àti ìyàwó di ọmọ ẹgbẹ́. Kò burú, ó dín ìnáwó kù. Orúkọ ta ló wà nínú ìwé? Ti bàbá. Ìyá ńkọ́? "Àti ìyàwó." Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn: "Ọ̀gbẹ́ni lágbájá àti ìyàwó." Ta ló se ọbẹ̀ ìpàdé ọdọọdún? "Àti ìyàwó." Ta ló ń lọ kí àwọn abiyamọ ní Kubwa àti Gwarinpa lórúkọ ẹgbẹ́? "Àti ìyàwó."

Ìyá kan ní Lugbe, ọkọ rẹ̀ kú. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, ó wá sípàdé. Akọ̀wé owó fi pẹ̀lẹ́tù ṣàlàyé fún un pé orúkọ bàbá ti kúrò lórí ìwé, kí ó wá gba fọ́ọ̀mù ọmọ ẹgbẹ́ tuntun. Fọ́ọ̀mù tuntun! Obìnrin tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó fẹ́ akọ̀wé owó náà sílé ọkọ. Nígbà tí ìdìbò dé, ó fẹ́ díje fún ipò ìyálẹ́gbẹ́. Wọ́n ní kò tíì lo ọdún méjì.

Ẹ tiẹ̀ yọ ikú kúrò níbẹ̀. Tọkọtaya lè pínyà. Ọmọ tó wà lábẹ́ bàbá lè dàgbà kó fẹ́ dá dúró. Bí ìtàn bá wà lórí ẹni tó mówó wá nìkan, ẹni tó mówó wá ló gbé gbogbo rẹ̀ lọ.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ ṣe kò le. Ìlà owó lè jẹ́ ẹyọ kan. Ìlà sáà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan: ọkọ ní tirẹ̀, ìyàwó ní tirẹ̀, ẹ wá kọ ọ́ sí ti ìyàwó pé owó ìdílé ló gbé e, àti nọ́ńbà ẹni tó san án. Lọ́jọ́ tí sáà ọkọ bá parí nítorí ikú, sáà ìyàwó ò gbọdọ̀ pẹ̀lú rẹ̀ wọlẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà tó mọ̀ nípa owó ìdílé wà o, CiviCRM wà lára wọn. Ó lè jẹ́ kí ìyàwó jogún ipò ọmọ ẹgbẹ́ látara ọkọ. Ṣùgbọ́n ẹ dán an wò pẹ̀lú orúkọ àdábọwọ́ kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹ fòpin sí ìbátan tó wà láàárín àwọn méjèèjì nínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ wo ohun tó ṣẹ́ kù lórí ojú ìwé ìyàwó. (Àtẹ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn ìyá.) Ẹ ṣeun. Kí àwọn ọkùnrin náà pàtẹ́wọ́ o.

Owó wọlé, ta ló ni ín?

Kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Àbújá lálẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020. Àwọn ẹgbẹ́ kan ṣàánú, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má sanwó oṣù títí ìpàdé yóò fi padà. Ó dára. Báwo ni wọ́n ṣe kọ ọ́ sílẹ̀? Wọ́n fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo. Lónìí, ẹni tí ẹgbẹ́ yọ̀ǹda fún àti ẹni tó ti ń sá tipẹ́, òfìfo kan náà ni wọ́n. Ẹ kọ ọ́: "Ẹgbẹ́ yọ̀ǹda." Ẹ kọ ọjọ́ ìpàdé tí a ti pinnu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì yẹn lè dá ìjà ọdún mẹ́wàá dúró.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 tí ọ̀rọ̀ náírà tuntun gbé owó lọ́wọ́ gbogbo wa, àwọn tó máa ń ká owó lé akápò lọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ránṣẹ́ sí báǹkì. Àlẹ́ẹ̀tì ń wọlé: orúkọ oní-POS, orúkọ àbúrò, orúkọ ilé ìtajà. Akápò kọ "a ò mọ̀ ọ́n" sí i. Ẹ máa kọ orúkọ ẹni tó fi owó ránṣẹ́ àti orúkọ ẹni tí owó wà fún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bákan náà, ọjọ́ tí owó wọlé yàtọ̀ sí ọdún tí owó náà wà fún. Ẹni tó san ₦24,000 ní oṣù Kẹta ọdún 2024 fún gbèsè 2022 àti 2023, tí ẹ bá kọ 2024 nìkan, ẹ ti sọ ọ́ di ẹni tó sá fún ọdún méjì tó sì sanwó ṣáájú.

Ọ̀rọ̀ àwọn olówó wa nìyí, n ò ní pẹ́ níbẹ̀ nítorí wọ́n wà nínú gbọ̀ngàn. Ẹni tó dá ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà níbi ìkówójọ, olùrànlọ́wọ́ ni, a dúpẹ́, Ọlọ́run á fi kún un. Kò di ọmọ ẹgbẹ́ nípa bẹ́ẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ tó dáwó náà ṣì jẹ owó oṣù. Àwọn méjèèjì lè wà lórí ojú ewé èèyàn kan náà. Ìlà sáà ni olùrànlọ́wọ́ ò ní. Bí ẹ bá da owó méjèèjì pọ̀, lọ́jọ́ ìdìbò ni ẹ óò gbọ́ "ṣebí mo tọrẹ níjọ́sí."

Òfin

Òfin Ààbò Ìsọfúnni ti Nàìjíríà jáde ní ọdún 2023, àjọ tó ń mójú tó o sì wà ní Àbújá níbí. Ó ka ẹ̀sìn, ẹ̀yà àti ìlera mọ́ ohun ẹlẹgẹ́. Ó fún ẹgbẹ́ aláàánú láyè láti tọ́jú irú rẹ̀ nípa àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn tó ti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rí, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jáde síta láìgba àṣẹ ẹni tó ni ín. Ọmọ ẹgbẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti rí ohun tí ẹ kọ nípa rẹ̀, kó sì ní kí ẹ tún èyí tí kò tọ̀nà ṣe. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ju àkọsílẹ̀ onígbèsè pẹ̀lú àìsàn wọn sórí WhatsApp, ẹ sinmi.

Ibi tí ẹ óò ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn tó wọlé lánàá. Àwọn àgbà mẹ́wàá tó pẹ́ jù nínú ẹgbẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá nílé. Ẹ mú fóònù dání, ẹ ya fọ́tò káàdì àti rìsíìtì wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀tàn fún yín. Bí wọ́n bá rántí ọdún tí wọn ò rántí oṣù, ọdún nìkan ni kí ẹ kọ. Ẹ má fi ọjọ́ 1 oṣù Kìíní dí àyè. Mo ti rí àkọsílẹ̀ kan tí ìdajì ẹgbẹ́ wọlé lọ́jọ́ ọdún tuntun, bí ẹni pé wọ́n pín ìrẹsì níbẹ̀. Ẹ kọ ibi tí ẹ ti rí ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: rìsíìtì ni, ìwé ìpàdé ni, tàbí ẹnu ara rẹ̀.

Ní ìpàdé ọdọọdún, ẹ tẹ ojú ìwé kan fún ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, sáà rẹ̀ gbogbo, owó rẹ̀ gbogbo, kó kà á, kó bu ọwọ́ lù ú tàbí kó ṣàtúnṣe. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni kí ẹ fi í lé.

Ọ̀rọ̀ ìgbẹ̀yìn, fún akọ̀wé tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀. Ẹ má fi ímeèlì ara yín ṣí àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́. Ẹ ṣí ti ẹgbẹ́, kí ẹni méjì mọ páswọọ̀dù rẹ̀, kí ẹ sì máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ síbòmíràn lóṣooṣù. Akọ̀wé tó bínú kúrò láàárín ìpàdé kò gbọdọ̀ lè gbé ogún ọdún àwọn ẹlòmíràn lọ nínú láptọ́ọ̀pù rẹ̀.

Ẹ ṣeun tí ẹ fetí sílẹ̀. Alága, mo rí ọwọ́ méjì lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ìyá kan àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Ẹ jẹ́ kí ìyá kọ́kọ́ bèèrè.